Gbígba Olùtọ́jú Ọmọ fún Ìgbà Àkọ́kọ́ Kí Ìsinmi Ìbímọ Tó Parí

Ìsinmi ìbímọ kì í pẹ́ tán. Lábẹ́ Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀sẹ̀ 6 ni obìnrin ní ẹ̀tọ́ sí ṣáájú ìbímọ, àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 16 ni ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tí ọjọ́ bá pé, ọmọ tí ìyá fẹ́ fi sílẹ̀ kò tíì lè dá jókòó, kò sì lè ròyìn ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ìyá àgbà tí à bá gbé ọmọ fún sì lè wà lóko tàbí lọ́jà. Nítorí náà ni ìdílé púpọ̀ ní Ìjerò, Aramọkọ, Ẹ̀fọ̀n-Aláayè àti Òkèmẹ̀sí ṣe ń wá olùtọ́jú ọmọ.

Ọjọ́ orí ẹni tí ẹ fẹ́ gbà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ó ti pẹ́ tí a ti ń mú ọmọdébìnrin wá láti abúlé tàbí láti ọ̀nà jíjìn, kí ó máa pọn ọmọ ọlọ́mọ, kí a sì ṣèlérí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ọwọ́ fún un. Òfin kò fàyè gba èyí mọ́. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì náà ti sọ di òfin tirẹ̀, ka ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún 18 sí ọmọdé, ó sì ka gbígba irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́yìn òde ilé tàbí ẹbí tirẹ̀ léèwọ̀. Òfin tí ó de kíkó ènìyàn ṣòwò, ti ọdún 2015, fi ẹ̀wọ̀n lélẹ̀ fún ẹni tí ó bá gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 sí iṣẹ́ ilé. Ká tilẹ̀ gbé òfin tì, ọmọ ọdún 13 tí oorun ń kùn kò ní tètè mọ̀ pé ara ọmọ ìkókó ti gbóná. Ọmọ méjì ni ìyá bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀ nílé.

Obìnrin àgbà tí ó ti tọ́mọ rí, tí ó sì ń gbé nítòsí, ni a fara mọ́ jù. Ní àwọn ìlú wa, agbo ilé kì í fara sin: ẹ lọ sí ilé rẹ̀ fúnra yín, ẹ bá àwọn ará ilé rẹ̀ àti ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ kẹ́yìn sọ̀rọ̀. Ẹ gba onídùúró méjì, àwòrán rẹ̀ àti nọ́ḿbà ìdánimọ̀ NIN. Owó iṣẹ́ rẹ̀, òun ni kí ẹ kà á lé lọ́wọ́. Alárinà tí ó bá ní òun ni kí ẹ máa san án fún, ẹ yàgò fún un.

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i: iye owó, ọjọ́ ìsanwó, àkókò iṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi. Ẹ kọ iṣẹ́ náà pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń tọ́jú ọmọ, tí ó tún ń pọn omi, tí ó ń fọ aṣọ gbogbo ilé, tí ó tún ń gúnyán fún bàbá ọmọ, ilẹ̀ ni yóò tẹ́ ọmọ sí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù, pàápàá pẹ̀lú àwọn àgbà obìnrin tí kò gbà pé òùngbẹ kì í gbẹ ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọyàn nìkan ni kí ọmọ máa mu fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìsí omi, láìsí àgbo. Ìyá lè fún omi ọyàn sínú ife mímọ́ tí ó ní ìdérí. Níbi tí kò bá sí fìríìjì, kí ó má ju wákàtí 4 lọ, kí ó tilẹ̀ kéré sí i bí ooru bá mú. Òfin Iṣẹ́ tún fún ìyá tí ó ń fọ́mọ lọ́yàn ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ ọ̀gá yín, nítorí ibi iṣẹ́ àti ilé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra ní Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n.

Kí olùtọ́jú ti wà pẹ̀lú yín fún ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ìsinmi tó parí. Ẹ jẹ́ kí ó rí bí ẹ ṣe ń tẹ́ ọmọ sùn lórí ẹ̀yìn rẹ̀ láìsí ìrọ̀rí. Bí ọmọ bá kọ ọyàn, tí ara rẹ̀ gbóná tàbí tí gìrì mú un, kí ó pè yín, kí ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ó má fún un ní oògùn kankan. Lẹ́yìn tí ẹ bá padà sẹ́nu iṣẹ́, ẹ máa yà sílé nígbà tí kò retí yín.

Bí ẹ bá fura pé wọ́n fìyà jẹ ọmọ, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, tàbí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìgbáyégbádùn ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Olùtọ́jú náà lè gba ibẹ̀ lọ bí ẹnikẹ́ni nínú ilé bá lù ú tàbí fipá bá a lò: òfin Ìpínlẹ̀ Èkìtì tí ó de irú ìwà ipá bẹ́ẹ̀ ti wà láti ọdún 2011, a sì tún un ṣe ní 2019.