Owó eré ìdárayá ní àwọn yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà

Owó eré ìdárayá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn owó kéékèèké tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Nàìjíríà máa ń gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, pẹ̀lú owó ilé-ìwòsàn, owó ilé-ìkàwé àti owó káàdì ìdánimọ̀. Àti ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ilé-ẹ̀kọ́, àti ẹni tí kò tẹ pápá ìṣeré rí, iye kan náà ni wọ́n ń san.

Àwọn yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kì í gba owó ìkọ́ni lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kàwé fún oyè àkọ́kọ́, nítorí náà àwọn owó kéékèèké yìí ni ó para pọ̀ di ohun tí a ń pè ní owó ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Ní yunifásítì ìpínlẹ̀, owó ìkọ́ni tún wà níbẹ̀. Irú rẹ̀ ni Yunifásítì Adékúnlé Ajásin ní Àkùngbá-Àkókó, láàrin Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Ní 1999 ni wọ́n dá a sílẹ̀ sí Àkùngbá, nítorí pé yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó wà ní Adó-Èkìtì ti di ti Èkìtì nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ yẹn sílẹ̀ ní 1996. Orúkọ gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará Oǹdó dìbò yàn ni ó ń jẹ́. Nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀ lọ sókè ní 2018, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀hónú hàn. Àpapọ̀ owó ni irú awuyewuye bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dá lé lórí. Ti eré ìdárayá kéré débi pé kì í pẹ́ bọ́ sí abẹ́ òjìji àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ náà ti gba ọ̀nà mìíràn láti ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, nígbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin owó-ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́. Àjọ NELFUND máa ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ tààrà fún yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì dá a padà láìsí èlé nígbà tó bá ríṣẹ́. Bí owó eré ìdárayá bá wà lára iye tí ilé-ẹ̀kọ́ fi ránṣẹ́, òun náà di gbèsè.

== Ìdíje NUGA ==

Ibi tí owó yìí ti ń hàn síta jù ni ìdíje NUGA, tí àwọn yunifásítì ń bá ara wọn ṣe. Ti àkọ́kọ́ wáyé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1966. Bíbọ́ àwọn eléré, wíwọkọ̀ wọn, aṣọ wọn àti àwọn olùkọ́ wọn, ọrùn ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó wà. Èyí tó gba àlejò tún ní pápá àti ibùgbé láti tún ṣe. Ọdún méjì-méjì ló yẹ kó máa wáyé. Síbẹ̀, èyí tí Yunifásítì Èkó gbàlejò rẹ̀ ní oṣù kẹta 2022 jẹ́ ìkẹrìndínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ka ọdún láti 1966 yóò bá a ní ìkọkàndínlọ́gbọ̀n. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì ní àsìkò náà gan-an: kíláàsì ti pa, pápá ṣí.

Láti 2018 ni ìdíje bọ́ọ̀lù HiFL ti ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ onígbọ̀wọ́. Yunifásítì Ọ̀gbìn ti Makurdi ló gba ife àkọ́kọ́. Ó dín ẹrù kù, àmọ́ bọ́ọ̀lù ni onígbọ̀wọ́ ń wá. Ẹni tó ń ju ọ̀kọ̀ tàbí tó ń lúwẹ̀ẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀.

== Ní Amẹ́ríkà ==

Ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ní Amẹ́ríkà náà ń gba owó eré ìdárayá lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ìpínlẹ̀ Virginia ṣe òfin ní 2015 tó dé ìpín tí owó akẹ́kọ̀ọ́ lè kó nínú ìnáwó eré ìdárayá yunifásítì. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ fún eléré ni ó ń fa ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ síbẹ̀. Tóbi Amúsàn, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, lọ sí Yunifásítì Texas ní El Paso, ó gba ipò kìíní láàrin àwọn yunifásítì ibẹ̀ nínú eré 100 mítà tí a ń fo ìdènà ní 2017, ó sì sá a ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní 2022, èyí tó yára jù lọ lágbàáyé.