Ṣé Òkè Ló Lé Kẹ̀kẹ́ Kúrò ní Èkìtì?

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ẹ dán an wò lọ́jọ́ kan: ẹ sọ ní gbangba họ́sítẹ́ẹ̀lì pé ẹ fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ológeere. Wọ́n á kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹnì kan á sọ gbólóhùn tí gbogbo wa ti mọ̀ sórí: "Èkìtì lo wà o! Òkè wo lo fẹ́ gùn ún lọ?" Ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n ṣáà ní inú òkìtì ni orúkọ Èkìtì ti jáde, àbí? Ẹni tó bá dúró ní Ìkẹ́rẹ́ níbí, tó gbójú sókè rí Ọlọ́sunta, tó tún yíjú rí Òròlẹ̀, kò ní jiyàn.

Èmi fẹ́ jiyàn. Orí àwọn òkè wọ̀nyí kan náà ni àwọn bàbá bàbá wa ti gun kẹ̀kẹ́, nígbà tí ọ̀dà kò tíì kan títì. Òkè kò sì sún kúrò níbi tó wà. Nǹkan mìíràn ló yí padà, àwa la sì ń san owó rẹ̀ fún ọlọ́kadà láràárọ̀ ká tó dé kíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ilẹ̀kùn kan. Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tí wọ́n bí ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tó wá fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, tó sì ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀ ní ààfin, ló gbẹ́ ilẹ̀kùn náà fún ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Ní 1924 wọ́n gbé e lọ sí àfihàn ńlá ní Wembley ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, British Museum rí i, ojú wọn ò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Wọ́n fi àga oyè tí wọ́n ṣe nílùú òyìnbó pààrọ̀ rẹ̀. (Irú àga wo ló tó ilẹ̀kùn yẹn? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.) Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni àwòrán tó wà lára rẹ̀. Ògògà jókòó sórí ìtẹ́ ní apá kan. Ní apá kejì, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀ wá kí i. Báwo ló ṣe ń bọ̀? Ọkùnrin méjì ló gbé e! Ẹni ńlá lè gun ẹṣin, ó sì lè gun èèyàn. Ẹsẹ̀ ara wọn ni àwọn tó kù fi ń gun òkè, pẹ̀lú ẹrù lórí.

Bí kẹ̀kẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Nottingham ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dá Raleigh sílẹ̀ ní 1887, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé kẹ̀kẹ́ kò wúlò láìsí ọ̀nà, ọ̀nà náà sì ń pẹ́ dé. Ẹ rántí Joseph Ayọ̀ Babalọlá, tó padà di Àpọ́sítélì: ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì ló ń wà fún ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tí ìpè dé bá a ní 1928. Bí ọ̀nà ṣe ń là ni ilé iṣẹ́ bíi John Holt àti UAC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1929, ń kó ọjà òyìnbó wọ ìlú, kẹ̀kẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Owó kòkó ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ fi rà á.

Àwọn agbẹ́gilére rí i kíákíá. Areógun ará Ọ̀sì, Èkìtì tí ààlà ìjọba gé sí ìhà Ìlọrin, gbẹ́ ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ sára ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ìkòkò tábà lẹ́nu! Ẹ fi wé ti Ọlọ́wẹ̀: èèyàn méjì kò gbé e, òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé ara rẹ̀. Ère Yorùbá mìíràn tún wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Newark ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan àti kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn gbajúmọ̀ kan yan iṣẹ́ ọnà Áfíríkà fún àfihàn kan ní New York ní 1987, ère yìí wà lára èyí tí James Baldwin, òǹkọ̀wé ńlá nì, mú. Kwame Anthony Appiah sì fi í ṣe kókó ọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ ní 1992. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn náà ni o.

Bàbá àgbà mi ní ọ̀kan. Tíṣà ni wọ́n, ní agbègbè Emùrẹ́. Ní January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí Awólọ́wọ̀ ń darí bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ilé ẹ̀kọ́ hù káàkiri bí olú, wọ́n sì ń fi tíṣà ránṣẹ́ sí abúlé tí lọ́rì kì í dé. Tíṣà tí kò ní kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa jẹ ẹ́ níyà. Láti Emùrẹ́ ni wọ́n ti máa ń gba Ìsẹ̀ kọjá wá sí Ìkẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, ìyá àgbà lórí káríà lẹ́yìn, iṣu nínú àpò lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mo bi wọ́n léèrè nípa òkè. Wọ́n ní: "Òkè kẹ̀? Tó o bá rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wàá ti máa sáré. Tó bá le jù, wàá dìde lórí àga, wàá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Tó bá tún le ju ìyẹn lọ, o ò ní ẹsẹ̀ ni? Sọ̀ kalẹ̀, kó o máa tì í." Kẹ̀kẹ́ ìgbà náà kò ní jíà tí wọ́n ń yí, irin rẹ̀ sì wúwo. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n sọ pé ó bani lẹ́rù ju òkè lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, bírékì onírin á máa yọ̀ lára rímù, bàtà lèèyàn á fi máa wọ́lẹ̀. Ní ti kí èèyàn sọ̀ kalẹ̀ kó máa ti kẹ̀kẹ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Lọ́dún 1910, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdíje Tour de France gba orí òkè Tourmalet, Octave Lapize ti kẹ̀kẹ́ tiẹ̀ náà lójú ọ̀nà yẹn. Òun ló sì borí lọ́dún náà.

Kẹ̀kẹ́ tún ń wọ ọ̀nà oko. Ní gúúsù Ìsẹ̀ ni igbó ìjọba wà, igbó tí àwọn ìnàkí ṣì kù sí títí dòní bí wọ́n tilẹ̀ ń gé gẹdú tí wọ́n sì ń dáko wọ̀ ọ́. Bàbá ní tí èèyàn bá gun kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ igbó láàárọ̀, èèyàn á gbọ́ igbe ẹranko kí ẹranko tó gbọ́ tèèyàn. Ẹ fi alùpùpù dán ìyẹn wò!

Ìjọba kò fojú kéré kẹ̀kẹ́ nígbà náà. Ó ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀ tí wọ́n ń san lọ́dọọdún, wọ́n á sì fún èèyàn ní páánù kékeré kan láti so mọ́ ọn. Bàbá sọ pé bí ẹ bá rí àwọn tó ń sáré ti kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó lójijì, ẹ mọ̀ pé akódà ń bẹ níwájú.

Kí ló wá lé e lọ? Owó ni mo kọ́kọ́ dárúkọ. Ìgbìmọ̀ Jerome Udoji dábàá àfikún owó oṣù ní 1974, owó ẹ̀yìn rẹ̀ sì dé ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní 1975. Tíṣà tó ń ti kẹ̀kẹ́ lánàá di oní-Honda. Epo pọ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Títì ọlọ́dà tó tẹ̀lé e kò fi àyè sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Mọ́tò tó ń sáré àsápajúdé ló ni ín. Nígbà tí SAP dé ní 1986 tí iṣẹ́ wọ́n, alùpùpù di iṣẹ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air pè é ní ọ̀kadà, yẹ̀yẹ́ tó di orúkọ. Kódà wọ́n gba orúkọ lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́: ẹ pe "kẹ̀kẹ́!" níta lónìí, onítáyà mẹ́ta ló máa dúró.

Ìkejì ni ìtìjú. Kẹ̀kẹ́ di ti ẹlẹ́mu àti aláìní. Ta ló máa gbé e lọ síwájú ilé àna?

Ẹni tó bá ṣì ní òkè ni, kó wo Rwanda, ilẹ̀ tí òkè rẹ̀ ga ju tiwa lọ fíìfíì. Níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ń gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń gbé èèyàn. Ní September 2025, Kigali gba àlejò ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Ọdún tó ṣáájú, Biniam Girmay ọmọ Eritrea, ilẹ̀ olókè mìíràn, borí lọ́jọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú Tour de France, ó sì gba ẹ̀wù aláwọ̀ ewé. Kò sí ọmọ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú tó borí ọjọ́ kan níbẹ̀ rí ṣáájú rẹ̀.

Ṣé ẹ rántí May 2023, tí wọ́n ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ? Lítà epo tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500, ó sì kọjá 1,000 ní 2024. Gbogbo wa mọ ohun tí ọlọ́kadà sọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi kẹ̀kẹ́ sá níwájú tírélà lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ o. Ìyẹn ń fẹ́ kí ìjọba fi ẹ̀gbẹ́ títì sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n láti họ́sítẹ́ẹ̀lì sí kíláàsì ńkọ́?

Nǹkan kan ṣẹ́ kù tó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ ṣí ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ẹ wo àfikún kẹrin níbi tí wọ́n to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sí: láísẹ́ǹsì kẹ̀kẹ́ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ti ọkọ̀ ojú omi àti bárò. Àtìwé láísẹ́ǹsì bàbá àgbà mi àti páánù rẹ̀, mo ń wá wọn nínú àpótí wọn. Ẹni tí ti bàbá tiẹ̀ bá wà nílé, ní Ìsẹ̀, Emùrẹ́, Ìláwẹ̀, níbikíbi, kó jọ̀ọ́ mú un wá sí ìpàdé ẹgbẹ́. A ó ya fọ́tókọ́pì rẹ̀, a ó sì dá a padà.