Ohùn Aláìṣègbè àti Ohùn Ìsàlẹ̀ nínú Ẹ̀rọ Àfisétí

Orin kan náà ni ọ̀rẹ́ méjì lè máa gbọ́, kí ó sì dàbí ẹni pé olórin méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó kọ ọ́. Ọ̀kan fi ẹ̀rọ àfisétí aláìní wáyà rẹ̀ sí orí, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní hẹ́dífóònù, ohùn ìsàlẹ̀ sì ń dún kìkì bí ẹni pé inú àyà rẹ̀ ni a ti ń lu ìlù. Èkejì fi tirẹ̀ sí etí, gbogbo ohùn sì ń jáde lẹ́sẹẹsẹ, kò sí èyí tí ó bo èkejì mọ́lẹ̀. Owó gọbọi ni àwọn méjèèjì san. Bí àríyànjiyàn bá dé, ẹni àkọ́kọ́ a ní orin ẹnìkejì òun kò lẹ́mìí. Ẹnìkejì a ní ti ẹni àkọ́kọ́ ti bàjẹ́. Àríyànjiyàn yìí kì í ṣe ti òní. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè tí ó wà ní ìdí rẹ̀, èyí ni pé, èwo gan-an ni ohùn tòótọ́, ta ni ó sì yẹ kí ó ṣe ìdájọ́ rẹ̀, ẹ̀rọ ni tàbí etí?

Kí ọ̀rọ̀ náà tó lè yé ni yékéyéké, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní ohùn. Afẹ́fẹ́ tí ó ń gbọ̀n ni. Bí ó bá gbọ̀n nígbà díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn náà a wà nísàlẹ̀. Bí ó bá gbọ̀n nígbà púpọ̀, ohùn a lọ sókè. Etí ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbọ́ ohùn tí ó ń gbọ̀n láti nǹkan bí ìgbà 20 títí dé ìgbà 20,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá ti dúró rí níbi tí wọ́n ti ń lu dùndún mọ ìyàtọ̀ yìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ìyá ìlù ní ohùn tirẹ̀, gúdúgúdú tí ń ké lókè ní tirẹ̀, adùn ìlù náà sì wà nínú pé kí a gbọ́ gbogbo wọn. Ẹ̀rọ àfisétí aláìṣègbè ni èyí tí ó fi ohùn kọ̀ọ̀kan sí ipò tí àwọn tí ó ṣe orin fi í sí. Ẹ̀rọ tí ó gbé béèsì ga ni èyí tí ó bu kún ohùn ìsàlẹ̀ ju bí a ti gbà á sílẹ̀ lọ.

Àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ yìí kò ro ti orin rárá. Tẹlifóònù ni ó bí i. Ní ọdún 1891, Ernest Mercadier, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà fún ẹ̀rọ tẹlifóònù kékeré tí a lè kì bọ ihò etí. Ní nǹkan bí ọdún 1910, Nathaniel Baldwin ti ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà ṣe èyí tí a ń gbé kọ́ orí. Inú ilé ìdáná rẹ̀ ni ó ti ṣe é, àwọn ọmọ ogun orí omi Amẹ́ríkà ni ó sì rà á fún àwọn tí ń gbọ́ ìròyìn láti orí afẹ́fẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò ju pé kí ọ̀rọ̀ yé wọn lọ. Bí ohùn ìsàlẹ̀ bá jáde, bí kò sì jáde, kò kàn wọ́n. Ní ọdún 1937 ni Eugen Beyer ní ìlú Berlin gbé èyí tí a ń pè ní DT 48 jáde, tí ó ń lo òòfà àti wáyà wíwé gẹ́gẹ́ bí sípíkà ti ń ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ àfisétí ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ohun tí a lè fi gbọ́ orin bí ó ti yẹ.

Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin ṣáájú èyí ni a ti mọ ohun kan tí ó yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ní ọdún 1933, Harvey Fletcher àti Wilden Munson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà, mú kí àwọn ènìyàn fi ohùn oríṣiríṣi wé ara wọn, kí wọ́n sì sọ ìgbà tí ọ̀kan ròkè dọ́gba pẹ̀lú èkejì. Wọ́n rí i pé etí fúnra rẹ̀ ń ṣègbè. Ohùn àárín a máa tètè wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní agbára púpọ̀ kí etí tó kà á sí. Bí a bá sì dín orin kù, ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń kọ́kọ́ sá lọ. Nítorí èyí ni àwọn tí ń ṣe rédíò àti giramafóònù ṣe fi bọ́tìnnì kan sí ara rẹ̀ tí ń gbé béèsì sókè nígbà tí orin bá ń dún jẹ́ẹ́jẹ́. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń fẹ́ béèsì díẹ̀ sí i kì í ṣe òpè. Ohun tí ó sọ nù ni etí rẹ̀ ń bèèrè.

Ní ọdún 1958, John Koss, olórin jáàsì ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, gbé giramafóònù kékeré kan lọ sí ibi àfihàn ẹ̀rọ orin, ó sì so ẹ̀rọ àfisétí mọ́ ọn. Ẹ̀rọ àfisétí náà ni ó wọ àwọn ènìyàn lójú ju giramafóònù lọ. Bí ó ṣe di pé ènìyàn lè jókòó láàárín àwùjọ kí ó sì máa gbọ́ orin tirẹ̀ nìkan nìyẹn. Ní ọdún 1968, Sennheiser ti ilẹ̀ Jámánì gbé HD 414 jáde, tí ó fúyẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀. Ohùn irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í há bí ohùn inú àgbá, ṣùgbọ́n ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde ni béèsì náà ń gbà sá lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1979 ni Sony ti ilẹ̀ Japan wá gbé Walkman jáde, orin sì kúrò ní pálọ̀, ó bọ́ sí ìgboro. Ariwo ọkọ̀ jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ohùn ìsàlẹ̀ inú orin ni ó sì ń bò mọ́lẹ̀. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé láàárín àwọn ọdún 1980, Sony fi bọ́tìnnì kan tí wọ́n pè ní Mega Bass sí ara Walkman.

Ní ilé ìgbohùnsílẹ̀, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí ó wà ní etí ẹni tí ń to orin bá ń bu kún béèsì, yóò rò pé béèsì ti pọ̀ jù nínú orin náà, yóò sì bù ú kúrò. Nígbà tí orin náà bá dé ilé àwọn ènìyàn, yóò rọ bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀. Òṣùwọ̀n tí ó ń ṣègbè kò ṣeé fi wọn ọjà. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ ohùn fi ń wá ohùn aláìṣègbè lójú méjèèjì.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àìṣègbè náà ṣòro láti mọ̀. Ohùn tí ó ti ara sípíkà wá a máa kọ́kọ́ bá orí àti etí òde pàdé kí ó tó wọ inú, ihò etí fúnra rẹ̀ a sì máa gbé ohùn tí ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan sókè. Ẹ̀rọ àfisétí kò gba púpọ̀ nínú ọ̀nà yìí kọjá. Nítorí náà, bí a bá ṣe é kí gbogbo ohùn dọ́gba gbọọrọ bí wọ́n ti ń dé inú etí, orin náà yóò ṣàjèjì sí olùgbọ́. Ẹ̀rọ náà ni ó gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí orí àti etí ì bá ti ṣe. Ṣé kí ó wá fara wé ohùn tí ó wá láti iwájú nínú pápá gbalasa ni, tàbí ohùn tí ó ń ti gbogbo ìhà wá nínú yàrá? Láàárín àwọn ọdún 1980, Günther Theile ní ilẹ̀ Jámánì fi yéni pé ti ìkejì ni ó tọ̀nà jù fún ẹ̀rọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, ọ̀pọ̀ sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gbọ́ orin nínú ilé ń sọ pé béèsì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò tó.

Àlàfo yìí ni àwọn oníṣòwò rí. Ní ọdún 2006, Dr. Dre, olórin rap, àti Jimmy Iovine tí ó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ àwo orin, dá Beats sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2008 ni ẹ̀rọ wọn àkọ́kọ́ dé ọjà. Béèsì rẹ̀ ga, ẹwà rẹ̀ sì fa ojú mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń gbé e kọ́ ọrùn bí ẹ̀gbà iyùn. Àwọn oníṣẹ́ ohùn bínú, wọ́n ní a ti ba orin jẹ́. Ọjà kò gbọ́ tiwọn. Ní ọdún 2014, Apple ra ilé iṣẹ́ náà ní bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyí náà ni àwọn kan pinnu láti dá ẹjọ́ náà padà sí ọwọ́ etí. Láti ọdún 2012 lọ, Sean Olive àti Todd Welti, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún Harman, ilé iṣẹ́ tí òun náà ń ta ẹ̀rọ àfisétí ní Amẹ́ríkà, kó àwọn olùgbọ́ jọ. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni ó ṣe pàtàkì jù. Wọn kò jẹ́ kí àwọn olùgbọ́ mọ orúkọ tàbí iye owó ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbọ́. Nítorí pé ìwúwo ẹ̀rọ lórí nìkan tó láti tú àṣírí, wọ́n wá lo ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà ń mú kí ó máa dún bí oríṣiríṣi ẹ̀rọ. Ohùn tí ọ̀pọ̀ jù yàn ni èyí tí ó jọ ohùn sípíkà dáadáa nínú yàrá dáadáa, níbi tí ògiri ti máa ń fi díẹ̀ kún béèsì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Jámánì àti Ṣáínà. Ohùn náà ní béèsì ju ohùn ilé ìgbohùnsílẹ̀ àtijọ́ lọ, kò sì ní in tó ti àwọn ẹ̀rọ tí ń fi béèsì ṣe fújà.

Síbẹ̀ àwọn olùgbọ́ kò fi ẹnu kò tán. Nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018, 64 nínú 100 olùgbọ́ ni ó fara mọ́ ohùn yìí. 15 ń fẹ́ béèsì jù bẹ́ẹ̀ lọ, 21 sì ń fẹ́ kí ó dín kù. Àwọn obìnrin àti àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní 50 wọ́pọ̀ nínú àwọn tí ó fẹ́ kí ó dín kù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní ọdún 2017 ẹ̀wẹ̀, Jeroen Breebaart fi bí ẹ̀rọ àfisétí 283 ti ń dún wé iye tí a ń tà wọ́n, kò sì rí ohun tí ó so méjèèjì pọ̀. Owó gegere kò túmọ̀ sí ohùn tòótọ́.

Ẹ̀rọ aláìní wáyà wá mú ọ̀rọ̀ náà dé ibòmíràn. Ní ọdún 1994, ní ìlú Lund ní ilẹ̀ Sweden, Jaap Haartsen bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí Bluetooth fún ilé iṣẹ́ Ericsson, èyí tí ń gbé ohùn láti inú fóònù dé etí láìsí wáyà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ṣáájú èyí, ní 1978, Amar Bose, olùkọ́ àgbà ní MIT, wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Zurich, ariwo ọkọ̀ náà kò sì jẹ́ kí ó gbádùn orin. Kí ó tó dé Boston ni ó ti ṣírò bí a ṣe lè fi ohùn pa ariwo. Ní ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ rẹ̀ gbé QuietComfort jáde fún àwọn arìnrìn-àjò. Ariwo ìsàlẹ̀ gan-an ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n pa jù, nípa bẹ́ẹ̀ a dá béèsì orin padà fún olùgbọ́ láìjẹ́ pé a bu kún un. Nígbà tí ọgbọ́n méjèèjì pàdé nínú ẹ̀rọ olówó ńlá, kọ̀ǹpútà kékeré inú rẹ̀ ni ó wá ń to ohùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ẹni tí ó ni ín lè fi fóònù rẹ̀ tún tò, kí ó gbé béèsì sókè tàbí kí ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Agbára tí ó wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ nìkan tẹ́lẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ olùgbọ́.

Ẹni tí a bá fún ní agbára sì gbọ́dọ̀ mọ ewu tí ó wà níbẹ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bá lágbára jù a máa bo ohùn tí ó wà lókè rẹ̀, ọ̀rọ̀ orin a sì di àmúlùmálà. Ẹni tí béèsì bá sì ti dí etí rẹ̀ a máa gbé gbogbo orin náà sókè kí ó lè gbọ́ ọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni ìpalára ti ń wọlé, nítorí etí kì í pariwo kí ó tó bàjẹ́. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ITU fi òṣùwọ̀n lélẹ̀ pé kí àgbàlagbà má ṣe gbọ́ ohùn tí ó tó dẹ́síbẹ́lì 80 ju wákàtí 40 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Fún ọmọdé, dẹ́síbẹ́lì 75 ni.

Bí a bá pa ìtàn náà pọ̀, kò sí èyí tí ó jẹ̀bi pátápátá nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì. Ẹni tí ń fẹ́ béèsì ń tẹ̀ lé ohun tí Fletcher àti Munson ti rí nínú etí. Ẹni tí ń fẹ́ ohùn aláìṣègbè ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ olórin. Àṣìṣe wà lọ́wọ́ ẹni tí ó fi orúkọ tí a kọ sára ẹ̀rọ ṣe adájọ́, tàbí tí ó rò pé ohun tí ó dùn mọ́ òun ni olórin ní lọ́kàn. Ọ̀dọ́ tí a bá kọ́ láti di ojú rẹ̀, kí ó gbọ́ orin kan náà nínú ẹ̀rọ méjì, kí ó sì sọ ohun tí ó gbọ́ àti ohun tí kò gbọ́, ti mọ ohun tí ó gba àwọn onímọ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò sí ẹni tí ó lè fi etí ẹlòmíràn gbádùn orin.