Bí Oníbàárà Ṣe Di Olùkọ́: Ìtàn Ẹ̀kọ́ Òwò Àfọwọ́ṣe ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Àwọn baba wa tí wọ́n wí pé ìròyìn kò tó àfojúbà kò pa òwe náà fún ẹlẹ́rìí nìkan. Wọ́n pa á fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú, nítorí láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí àgbẹ̀dẹ tí í jókòó sí ẹ̀yìnkùlé kí ó máa fi ẹnu lásán ka bí a ti ń rọ ọkọ́ fún ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀: níwájú iná, níbi tí ẹwìrì ti ń fẹ́, tí àgbẹ̀ tí ó ni ọkọ́ sì dúró tí ó ń retí rẹ̀, ni ọmọ náà ti ń mọ̀ pé bí òun bá ba iṣẹ́ jẹ́, oko ẹnìkan ni igbó yóò bò. Àwọn ará Amẹ́ríkà, ògbóǹtarìgì nínú òwò ṣíṣe, gbìyànjú láti gbé òwò kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wá sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì gbà wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún, nínú àlọ àti àbọ̀, kí wọ́n tó gbà láàárín ara wọn pé ẹni tí ó ni ìṣòro gan-an kò gbọdọ̀ kúrò nínú kíláàsì. Ìtàn àlọ àti àbọ̀ náà ni mo fẹ́ pa, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwa náà.

Ní ọdún 1881 ni Joseph Wharton, ọlọ́rọ̀ tí ó fi iṣẹ́ irin là, fi 100,000 dọ́là lé Yunifásítì Pennsylvania lọ́wọ́ ní ìlú Philadelphia, kí wọ́n fi dá ilé-ẹ̀kọ́ òwò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ tí ń lépa oyè àkọ́kọ́ ni ó dá a sílẹ̀ fún. Ní 1900, Dartmouth ní ìpínlẹ̀ New Hampshire dá ilé-ẹ̀kọ́ Tuck sílẹ̀, èyí tí ó ṣíwájú gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìṣàkóso òwò. Nígbà tí ó di 1908, Harvard, àgbà ọ̀jẹ̀ láàárín àwọn ilé-ìwé gíga Amẹ́ríkà, ọgbà ọgbọ́n tí ó ti wà láti 1636, dá tirẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú, Edwin Gay, onímọ̀ ìtàn ọrọ̀ ajé, sì ni olórí rẹ̀ àkọ́kọ́. Wàhálà tí ó dojú kọ Gay kò kéré: ìdájọ́ ilé ẹjọ́ wà nílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin láti kà, aláìsàn wà lórí ibùsùn fún akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn láti fọwọ́ bà, ṣùgbọ́n kí ni a ó gbé síwájú ẹni tí ó fẹ́ kọ́ òwò, nígbà tí ìwé tí ó yanjú kò tíì sí, tí oníṣòwò kò sì jẹ́ fi àṣírí owó rẹ̀ han ẹnikẹ́ni?

Gay kò káwọ́ gbera. Ní 1911 ó dá ẹ̀ka ìwádìí òwò kan sílẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Arch Shaw ará Chicago, ẹni tí ó ni ìwé ìròyìn àwọn oníṣòwò tí a ń pè ní System. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ẹ̀ka náà dáwọ́ lé ni láti mọ iye tí ń bá ìnáwó lọ lọ́wọ́ àwọn tí ń ta bàtà, kí bàtà tó kúrò lórí pẹpẹ wọn dé ẹsẹ̀ ẹni tí ó rà á. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń bẹ àwọn tí ó ni wọ́n kí wọ́n ṣí ìwé owó wọn, wọ́n sì rí i pé ìṣirò oníkálukú ni oníkálukú ń ṣe. Ẹni tí ń tajà nínú ilé ara rẹ̀ lè ṣe ọdún mẹ́wàá láìka owó ilé mọ́ ìnáwó. Ẹni tí ń dúró ti ọjà láti òwúrọ̀ di alẹ́ lè má ka owó iṣẹ́ ara rẹ̀ sí ohunkóhun. Bí ọdún bá sì yí po, irú wọn a máa yọ̀ pé àwọn jèrè, nígbà tí ó jẹ́ pé owó háyà ilé wọn àti owó òógùn ojú wọn ni wọ́n ń pè ní èrè. Harvard bá wọn ṣètò ìwé ìṣirò kan tí gbogbo olùtà bàtà lè máa lò, tí owó ilé àti owó iṣẹ́ ọlọ́jà fúnra rẹ̀ sì ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé nínú ṣọ́ọ̀bù bàtà ni ilé-ẹ̀kọ́ ńlá yìí ti rí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí àwọn ọlọ́jà náà sì jẹ nínú àǹfààní rẹ̀.

Shaw kò fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀. Nígbà tí ó ń darí ẹ̀kọ́ lórí ìlànà òwò ní Harvard ní nǹkan bí ọdún 1912, ènìyàn ni ó ń kó wọ kíláàsì. A ó pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ kan wá, yóò dìde níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́, yóò sì kó ìṣòro tí ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ kalẹ̀, kì í ṣe èyí tí ó ti yanjú lésìí tí ó fẹ́ fi yangàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò bi í ní ìbéèrè títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yé wọn. Ní ọjọ́ kejì sí i, olúkúlùkù wọn yóò mú ìwé wá, tí ó ti kọ ohun tí ó rò pé ó fa ìṣòro náà àti ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe sí i. Nígbà tí wọ́n bá tún pàdé, ọ̀gá náà yóò padà wá pẹ̀lú ìwé wọn lọ́wọ́, yóò sì sọ ojú abẹ níkòó fún wọn nípa ibi tí ìmọ̀ràn wọn ti bá ọ̀nà mu àti ibi tí yóò ti kó gbèsè bá òun. Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn: ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀, àgbà mú ìrírí wá, ọ̀dọ́ mú ojú tuntun wá, ẹni tí yóò forí fá a bí ìmọ̀ràn bá kùnà sì wà ní ìjókòó.

Ní 1919, Wallace Donham, amòfin tí ó tún ti ṣiṣẹ́ ní báńkì, gba ipò olórí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard tí ó ti jáde, Christopher Langdell ti ń fi ẹjọ́ tí a ti dá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti 1870, Donham sì pinnu pé ọ̀nà yẹn ni kí òwò tọ̀. Melvin Copeland tẹ ìwé àkójọ ìṣòro ọjà títà jáde ní 1920, àwọn òǹkọ̀wé ẹ̀ka ìwádìí sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé iṣẹ́ kiri, wọ́n ń kọ ìtàn ìṣòro àwọn ọ̀gá sílẹ̀ pẹ̀lú owó inú rẹ̀, wọ́n á sì dá ìtàn náà dúró ní oríta, níbi tí ọ̀gá ti gbọdọ̀ yàn, kí kíláàsì lè máa bá ara wọn jiyàn lé e lórí. Àǹfààní ọ̀nà yìí pọ̀ jọjọ. A kò lè pe ọ̀gá kan wá síwájú ẹgbẹ̀rún akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìtàn tí a kọ sí ìwé lè dé gbogbo ayé; George Baker, olówó báńkì, fi mílíọ̀nù 5 dọ́là ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ ní 1924, nígbà tí ó sì di 1927 wọ́n ti kó lọ sí ọgbà tuntun wọn létí odò Charles.

Síbẹ̀, ohun kan bọ́ sọnù nínú àlọ yìí, a kò sì gbọdọ̀ fi pamọ́. Ẹlẹ́rù ní í gbé ibi tí ó wúwo. Nígbà tí ìwé rọ́pò ẹlẹ́rù nínú kíláàsì, kò sí ẹni tí ó ń gbé ibi tí ó wúwo mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ní kí a ti ilé iṣẹ́ kan pa, kí ó sì lọ jẹun ọ̀sán láìsí òṣìṣẹ́ kan tí yóò sunkún. Ẹnu dùn-ún rofọ́, òwò kò sì ṣeé fi ẹnu sè.

Ọkùnrin kan wà ní Harvard kan náà tí kò jẹ́ kí iná ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe kú pátápátá. Georges Doriot ni, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí a bí ní Paris ní 1899, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni níbẹ̀ ní 1926, tí ó sì fẹ̀yìn tì ní 1966. Orúkọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni iṣẹ́ ọjà ṣíṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń kọ́ni ju ìyẹn lọ: ó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ó ń rán wọn sí ilé iṣẹ́ gidi, ó sì ń béèrè ìròyìn tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà lè lò lọ́wọ́ wọn. Òun ni ó darí ilé iṣẹ́ ARD láti 1946, èyí tí ń dókòwò pẹ̀lú àwọn ilé iṣẹ́ tuntun, òun ni ó sì ṣaájú àwọn tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ òwò INSEAD sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1957. Ní òdìkejì òkun, Reg Revans ará Britain, onímọ̀ físíìsì tí ó wá ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ fún àwọn ibi ìwakùsà èédú lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ń sọ fún àwọn ọ̀gá ibi ìwakùsà pé kí wọ́n lọ wo kòtò ara wọn, kí wọ́n sì máa bi ara wọn ní ìbéèrè lórí ìṣòro tí ó wà nílẹ̀, nítorí ní tirẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́ níbi tí kò bá sí ìṣe.

Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ mìíràn ń fẹ́ bọ̀. Ní 1959 ìròyìn ńlá méjì jáde, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ àjọ Ford, èkejì láti ọ̀dọ̀ àjọ Carnegie, àwọn méjèèjì sì bu ẹnu àtẹ́ lu ilé-ẹ̀kọ́ òwò Amẹ́ríkà pé ìmọ̀ wọn kò jinlẹ̀. Òtítọ́ wà nínú ẹ̀sùn náà, nítorí púpọ̀ nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kò ju ibi tí a ti ń sọ ìtàn àtijọ́ lọ. Wọ́n bá dojú kọ ìṣirò, ìmọ̀ ọrọ̀ ajé àti ìwádìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò tíì wọ ilé iṣẹ́ rí sì di ẹni àpọ́nlé, ọ̀nà tí ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù bàtà sì hu koríko.

Láti ìsàlẹ̀ ni àbọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1972, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó àwọn òwò kéékèèké dá ètò kan sílẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń lọ bá oníṣòwò kékeré, ẹni tí kò lówó láti fi san owó agbaninímọ̀ràn, tí wọ́n ń yẹ ìwé rẹ̀ wò, tí wọ́n sì ń bá a wá ojútùú; ètò náà tàn dé ọgọ́ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́. Ní 1992, ilé-ẹ̀kọ́ òwò Yunifásítì Michigan ní ìlú Ann Arbor bẹ̀rẹ̀ ètò tí a ń pè ní MAP, tí ó sọ ọ́ di ọ̀ranyàn fún akẹ́kọ̀ọ́ MBA, oyè kejì nínú ìṣàkóso òwò, pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méje ṣiṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ gidi. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, iṣẹ́ oníbàárà ni ẹ̀kọ́ wọn. Níkẹyìn, Harvard fúnra rẹ̀ padà sí ojú ọ̀nà: ní 2011, lábẹ́ Nitin Nohria, olórí ilé-ẹ̀kọ́ òwò náà nígbà yẹn, ó bẹ̀rẹ̀ ètò FIELD, nígbà tí ó sì di oṣù January 2012, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tí ó lé ní 900 wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, Ghana wà lára wọn, láti lọ bá àwọn ilé iṣẹ́ ibẹ̀ ṣiṣẹ́. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn Shaw, oníbàárà tún di olùkọ́.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa. Harvard ni ó gba ilé-ẹ̀kọ́ òwò IESE ti ìlú Barcelona nímọ̀ràn nígbà tí ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ MBA ní 1964, IESE náà sì ni alátìlẹyìn Lagos Business School tí a dá sílẹ̀ ní 1991. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀nà Donham ti dé Èkó. Ó dára bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà. Ṣùgbọ́n mo bẹ gbogbo àwọn tí ń darí ẹ̀kọ́ òwò ní ilẹ̀ wa, ní yunifásítì ìjọba àti ti aládàáni, kí wọ́n má ṣe dúró de ọgọ́rùn-ún ọdún kí wọ́n tó tọ ọ̀nà Shaw pẹ̀lú. Àwọn ìyá wa tí ń ta aṣọ ní ọjà Balógun ní Èkó, tí wọ́n ń tajà láwìn, tí wọn kì í ka owó iṣẹ́ ara wọn mọ́ ìnáwó, wà ní ipò kan náà tí àwọn olùtà bàtà Amẹ́ríkà wà ní 1911. Ẹ rán àwọn ọmọ tí ń gba MBA sí wọn, kí wọ́n kí ìyá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí wọ́n jókòó tì í, kí wọ́n bá a ṣí ìwé, kí ó sì jẹ́ pé ẹnu ìyá náà ni a ó ti gbọ́ bóyá wọ́n yege. Ìmọ̀ràn tí kò sí ẹni tí yóò jẹ gbèsè rẹ̀ kò tíì di ìmọ̀ òwò.