Àṣẹ Póòpù àti Ìpìlẹ̀ Ilé: Ìtọ́jú Ìlú Àtijọ́ ní Pienza àti Urbino

Ní ọdún 1462, Póòpù Pius Kejì pàṣẹ nípa ṣọ́ọ̀ṣì àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ sí Pienza, ìlú kékeré kan ní agbègbè Tuscany ní Ítálì. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya àwòrán sára ògiri tàbí òpó funfun rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi pẹpẹ tàbí yàrá àdúrà kún èyí tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bá rú òfin náà ti kó sínú ègún ìjọ. Ní ọdún kan náà ni póòpù yìí tún ka wíwó àwókù ilé àtijọ́ Róòmù léèwọ̀. Nítorí náà, àwọn tí ó gbà pé òfin ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú ilé àtijọ́ lè fi í ṣe baba ìsàlẹ̀ wọn. Èrò tí mo fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ sí tiwọn. Òfin lè dáàbò bo ojú ilé, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mú kí ìlú àtijọ́ wà láàyè ni pé kí ènìyàn ṣì nílò rẹ̀ débi tí wọn yóò fi máa náwó sí ibi tí àlejò kì í wò.

Ṣọ́ọ̀ṣì Pienza fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí àkọ́kọ́. Corsignano ni wọ́n ń pe ìlú náà nígbà tí wọ́n bí Enea Silvio Piccolomini síbẹ̀ ní 1405. Nígbà tí ó di póòpù ní 1458, ó pinnu láti sọ abúlé tí wọ́n ti bí i di ìlú tí yóò bá ọ̀làjú Renaissance mu, ìyẹn sáà tí àwọn ará Ítálì padà sídìí ọgbọ́n Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́. Bernardo Rossellino, ayàwòrán-ilé láti Florence, ni ó gbé iṣẹ́ náà fún, láàárín bí ọdún mẹ́ta péré ni gbàgede, ààfin àti ṣọ́ọ̀ṣì sì ti dìde. Owó tí wọ́n ná ju ìlọ́po méjì iye tí Rossellino kọ́kọ́ dá lọ. Póòpù kò bínú; nínú ìwé ìrántí rẹ̀, ó ní òun dúpẹ́ pé ayàwòrán-ilé náà kò sọ òtítọ́ nípa iye owó, nítorí bí ó bá sọ ọ́, òun kì bá tí gbà kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. (Àwọn agbaṣẹ́ṣe òde òní kò gbọdọ̀ gbọ́ èyí.) Ṣùgbọ́n Pius fẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gúúsù kún inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì fẹ́ kí ààfin rẹ̀ kọjú sí àfonífojì Orcia àti òkè Amiata. Nítorí ìdí èyí, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì yọ sí etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, níbi tí òkúta tí ó gbé e ró dùbúlẹ̀ lórí amọ̀. Amọ̀ tí omi bá ti wọ̀ kì í gbé ẹrù. Póòpù ṣì wà láàyè nígbà tí ògiri ti sán. Rossellino ní ohun ìmọlé ni ó ń gbẹ. Ọdún 500 ti kọjá lórí àlàyé yẹn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń rì, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ti tún ìdí rẹ̀ ṣe láti ìran dé ìran. Àṣẹ 1462 ṣiṣẹ́ dáadáa, ògiri ṣì funfun. Ègún náà kò kàn dé ibi tí amọ̀ wà.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé láìsí òfin bẹ́ẹ̀, ẹwà Pienza ì bá ti bàjẹ́ tipẹ́. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é tán. Pius kú ní 1464, àwọn kádínà tí ó rọ̀ láti kọ́lé síbẹ̀ sì gbàgbé ìlú náà. Owó tí ènìyàn lè fi wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun kò sí mọ́. Àìlówó yìí ṣọ́ Pienza ju àṣẹ póòpù lọ, kò sì sí ìjọba tí ó lè fi òṣì ṣe ètò ìtọ́jú. Lónìí, owó ti dé: ní 1968 ni fíìmù Zeffirelli, Romeo and Juliet, fi ààfin Piccolomini han gbogbo ayé, ní 1996 ni àjọ UNESCO kọ ìlú náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Ààfin tí àwọn ọmọ ìdílé Piccolomini ń gbé títí di 1962 ti di ibi ìṣẹ̀ǹbáyé. Ilé náà dúró. Ẹni tí yóò sùn síbẹ̀, tí òjò yóò sì jò lé lórí, ni kò sí mọ́.

Ohun tí Urbino, ìlú àtijọ́ mìíràn ní Ítálì, ṣe yàtọ̀. Ìlú yìí, tí Federico da Montefeltro jọba lé lórí láti 1444 títí ó fi kú ní 1482, tí wọ́n sì ti bí ayàwòrán Raphael, ti ń rọ nígbà tí ayàwòrán-ilé Giancarlo De Carlo bẹ̀rẹ̀ ètò ìlú rẹ̀ ní 1958. De Carlo àti Carlo Bo, tí ó darí yunifásítì ìlú náà fún ọdún tí ó lé ní 50, kò béèrè bí wọn yóò ṣe ti ilé àtijọ́ mọ́lé. Ta ni yóò lò ó ni wọ́n béèrè. Ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan di ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n parí ní 1976: ògiri ìta wà bí ó ti wà, inú rẹ̀ sì di gbọ̀ngàn tí ìmọ́lẹ̀ ń gba òrùlé gíláàsì wọ̀. Ọ̀nà àyípo tí Francesco di Giorgio Martini, ayàwòrán-ilé ìgbà Renaissance, kọ́ fún ẹṣin láti ìsàlẹ̀ ìlú lọ sókè ti di ohun ìgbàgbé. De Carlo tún un ṣe, ó sì di ọ̀nà tí àwọn tí wọ́n gbé ọkọ̀ sí ìsàlẹ̀ ń gbà gòkè.

Àtakò tí ó lágbára jù sí èyí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá lè lé onílé kúrò bíi ti arìnrìn-àjò: ẹni tí ó lè rí owó ilé gbà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin kì í fẹ́ ìdílé kan. N kò lè sẹ́ èyí. De Carlo náà rí i, nítorí ó kọ́ ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ sí orí òkè mìíràn lẹ́yìn odi láti 1962, kí inú ìlú má baà di yàrá ìyálò nìkan. Ìwọ̀n ni ìṣòro náà, kì í ṣe ìlò. Àwọn mìíràn yóò ní yíyí inú ilé padà jẹ́ píparọ́ ìtàn. Ṣùgbọ́n ilé Renaissance tí kò sí ẹni tí ó tún inú rẹ̀ ṣe láti sáà wá sí sáà ṣọ̀wọ́n gan-an. Ààfin Urbino fúnra rẹ̀ gba ọwọ́ ayàwòrán-ilé méjì, Luciano Laurana àti Francesco di Giorgio, kọjá, kò sì sí ẹni tí ó pe èkejì ní ẹni tí ó ba ilé jẹ́.

Bí a bá wá padà sí Pienza pẹ̀lú ojú yìí, ètò ìnáwó ìlú náà ni yóò sọ irú ìtọ́jú tí ó ń ṣe. Iye tí a yà sọ́tọ̀ fún ṣíṣọ́ ọ̀nà omi lábẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, àti iye tí a fi ran ìdílé tí ó fẹ́ máa gbé inú ìlú lọ́wọ́, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kà, kí a tó dé orí iye tí a fi ń fọ òkúta iwájú ilé.