Lọ́jọ́ Tí Wall Street Wó, Èkó Ò Gbọ́

Nígbà tiwa, ẹnu ni wọ́n fi ń ta ìpín ìdókòwò ní Èkó. Call-over la ń pè é. Akọ̀wé ọjà á máa pe orúkọ ilé-iṣẹ́ níkọ̀ọ̀kan, àwa alágbàtà á sì máa dáhùn: ẹni tó fẹ́ rà á ké iye tó fẹ́ san, ẹni tó fẹ́ tà á ké iye tó máa gbà. Bí ohùn méjì bá bá ara wọn mu, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ orúkọ ni wọ́n á pè tí ẹnikẹ́ni ò ní la ẹnu. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, a ti jáde sí Customs Street. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di oṣù kẹrin ọdún 1999, tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ náà lẹ́nu wa.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ra ìpín Apple láti Súrùlérè lónìí gbà pé àwọn ló kọ́kọ́ ronú kan pípín owó káàkiri ayé. Ọgbọ́n yẹn dàgbà ju ọjà Èkó lọ. Ní ọdún 1868 ni agbẹjọ́rò kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Philip Rose, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dá Foreign & Colonial Government Trust sílẹ̀. Pọ́n-ùn 85 ni ìwé ẹ̀rí kan. Ẹni tó bá ní ẹyọ kan lọ́wọ́ ti ní díẹ̀díẹ̀ nínú gbèsè tí ìjọba Brazil, Íjíbítì, Rọ́ṣíà, Tọ́kì, Peru àti àwọn mìíràn jẹ. Wọ́n fẹ́ kí ẹni tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n rí ààbò tí àwọn olówó ńlá ń rí. Baba mi ò mọ Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ó ní oko òkè, ó sì ní àkùrọ̀. Ọdún tí òjò bá kọ̀, àkùrọ̀ ló ń bọ́ wa. Ọdún tí odò bá kún kọjá ààlà, oko òkè ni. Ọgbọ́n Rose náà nìyẹn.

Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1873, ọjà ìpín Vienna dàrú. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, New York náà dàrú débi pé wọ́n ti ìlẹ̀kùn ọjà fún ọjọ́ mẹ́wàá. Àwọn tó ń yáni lówó ní Lọ́ńdọ̀nù wá bẹ̀rẹ̀ sí í há ọwọ́. Láàárín 1875 sí 1876, Tọ́kì, Peru àti Íjíbítì ni kò rí gbèsè wọn san mọ́. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, kọ́ńtínẹ́ǹtì mẹ́ta, irè tí wọ́n ń tà kò jọra, síbẹ̀ nǹkan bí oṣù díẹ̀ ló wà láàárín ìṣubú wọn. Lójú tèmi, àdììtú kọ́ rárá: ọ̀dọ̀ olówó kan náà ni wọ́n ti ń yáwó, ọjọ́ tí olówó ọ̀hún bá sì ní kò sí mọ́, gbogbo wọn ló máa gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé-iṣẹ́ Rose kò kú ṣá. Ó ṣì wà títí dòní.

Ọjà tiwa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lẹ́yìn ìyẹn ni. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1960 ni wọ́n fi orúkọ Lagos Stock Exchange sílẹ̀ lábẹ́ òfin. Akintola Williams, àgbà oníṣirò owó, wà lára àwọn tó tọ́ ọ dàgbà. Louis Odumegwu Ojukwu ni ààrẹ àkọ́kọ́. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn ní 1961, nǹkan 19 ló wà lórí àtẹ, mẹ́ta péré nínú rẹ̀ ló jẹ́ ìpín ilé-iṣẹ́. Gbèsè ìjọba àti ti ilé-iṣẹ́ ni ìyókù.

Kò pẹ́ tí ìjọba fi mọ odi yí i ká. Òfin 1962 lórí owó ilẹ̀ òkèèrè ò jẹ́ kéèyàn kó owó sọdá láìgbàṣẹ. Ìjọba ológun tún gbé òfin mìíràn jáde ní 1972, wọ́n sì mú un le sí i ní 1977, pé kí àwọn òyìnbó ta lára ilé-iṣẹ́ wọn fún ọmọ Nàìjíríà. Ìgbà yẹn ni olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ìyálọ́jà di onípìn-ín. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wa tó ra Lever Brothers tàbí Guinness ló gbà pé àwọn náà ti ní nǹkan sí ìlú òyìnbó. Wọn ò ní nǹkan kan síbẹ̀. Àpápá ni wọ́n ti ń se ọṣẹ, Ìkẹjà ni wọ́n ti ń pọn bíà, náírà sì ni èrè. Bí Nàìjíríà bá ṣàìsàn, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣàìsàn pọ̀.

Oníbàárà mi kan wà nígbà náà, ìyá tó ń ta aṣọ ní Balógun. Inú páànù bisikíìtì ló ń kó ìwé ẹ̀rí ìpín rẹ̀ sí, ó fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan kí òórùn káńfọ̀ má bàa wọ̀ ọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tí Wall Street wó, oṣù kẹwàá ọdún 1987, ó gbé páànù náà wọ ọ́fíìsì wa.

“Akọ̀wé, wọ́n ní ọjà ìpín ti bàjẹ́ l’Ámẹ́ríkà. Tèmi ńkọ́?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Tiyín ò yẹsẹ̀ níbi tó wà lánàá.”

“Ṣé wọn ò mọ̀ wá níbẹ̀ ni?”

“Wọn ò mọ̀ wá, mà.”

“A dúpẹ́ o.” Ló bá dé páànù rẹ̀.

Òótọ́ ni mo sọ fún un. Ní ọjọ́ 19 oṣù yẹn, ìpín New York pàdánù ìdá 22.6 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọjọ́ kan. Hong Kong ti ọjà pa fún ìyókù ọ̀sẹ̀ náà; nígbà tí wọ́n sì tún un ṣí, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ti lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Roll yẹ ọjà orílẹ̀-èdè 23 wò lẹ́yìn náà: kò sí èyí tí kò wálẹ̀ lóṣù yẹn, 19 nínú wọn ló sì wálẹ̀ ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Èkó ò sí lára àwọn 23 náà. Ẹnikẹ́ni tó bá ń pín owó rẹ̀ káàkiri ayé nígbà yẹn, irú Èkó gan-an ló yẹ kó máa wá, àmọ́ òfin ò jẹ́ kó wọlé. Kí n má sì yin odi yẹn jù: dọ́là tí kò tó náírà méjì tẹ́lẹ̀ ti kọjá mẹ́rin nígbà náà. Ìyẹn jẹ nínú owó Màmá ju ohun tí Wall Street ì bá jẹ lọ.

Ní 1995, ìjọba ológun fagi lé àwọn òfin ìdènà náà, òyìnbó sì lè kówó wọlé, kó kó o jáde. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ohun tó wá sọ ọjà di gbọ̀ngbọ̀n ni àṣẹ tí báńkì àgbà pa ní 2004, pé kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí; báńkì 89 rọ́ di 25. Gbogbo wọn ń ta ìpín, gbogbo ìlú ń rà á. Àwọn òyìnbó tó ní Brazil àti Rọ́ṣíà lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀ fi Èkó kún un, wọ́n ní ọjà wa kì í bá ti ẹlòmíì rìn. Kò sì bá ti ẹlòmíì rìn lóòótọ́, títí tí àwọn fúnra wọn fi dé.

Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹta, ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà wà ní 66,371. Ká sọ̀rọ̀ síbi tọ́rọ̀ wà: inú ilé ni ọbẹ̀ ti kọ́kọ́ dànù. Àwọn báńkì ti yá àwọn èèyàn lówó láti fi ra ìpín báńkì, ọjà sì ti ń wálẹ̀ kí Lehman Brothers, báńkì ńlá Amẹ́ríkà, tó kógbá sílé ní oṣù kẹsàn-án. Ní oṣù kẹjọ, àwọn aláṣẹ ọjà pàṣẹ pé ìpín kankan ò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ lóòjọ́. Ẹni tó fẹ́ tà ò wá rí olùrà mọ́, nítorí ta ló fẹ́ ra ohun tó mọ̀ pé á tún wálẹ̀ lọ́la? Lẹ́yìn Lehman, àwọn òyìnbó ń wá owó kánjúkánjú láti fi tún ilé wọn ṣe, ni wọ́n bá ń ta ohun tó bá ṣeé tà. Ẹ̀ṣẹ̀ Èkó kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ Brazil kọ́. Ọdún náà parí ní 31,450. Hẹ̀rẹ̀-huru aládùúgbò tí a kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀ ni kò jẹ́ ká sùn.

Onímọ̀ ètò ìnáwó kan, Bruno Solnik, ló tún fi ìṣirò gbé ọgbọ́n Rose kalẹ̀ ní 1974. Ó ní ẹni tó bá kó ọ̀pọ̀ ìpín Amẹ́ríkà nìkan jọ ṣì ń ru nǹkan bí ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún ewu tó wà lára ìpín ẹyọ kan, àmọ́ bó bá kó ti orílẹ̀-èdè púpọ̀ mọ́ ọn, ewu náà á rọ̀ sí nǹkan bí ìdá 12. Ní 2001, òun kan náà pẹ̀lú François Longin fi hàn pé ìgbà tí ọjà bá ń já lulẹ̀ ni ọjà orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi túbọ̀ ń di ara wọn mú; bó bá ń gòkè, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Ẹni tó gbin igi, tó tún padà wá sọ fáráyé ibi tí kòkòrò wà lára rẹ̀.

Odi tún padà dé sí wa lọ́nà mìíràn. Láti 2020, fún ọdún mélòó kan, dọ́là wọ́n débi pé òyìnbó tó ta ìpín rẹ̀ ní Èkó rí náírà gbà, kò rí dọ́là tó máa fi relé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ, owó ọmọ ilé wá pọ̀ nínú ọjà. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, òṣùwọ̀n wa kọjá 100,000 fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù kejì, MSCI, tó ń ṣètò ìdìpọ̀ ìpín tí àwọn olùdókòwò àgbáyé ń tẹ̀ lé, yọ Nàìjíríà kúrò láàárín àwọn ọjà tó ń pè ní frontier, ó ní ká dá dúró. Àyọkúrò yẹn ò dá ọjà Èkó dúró rárá. Àwọn tó ń fi fóònù ra Apple náà jèrè lásìkò yẹn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jókòó ṣírò rẹ̀, wọ́n á rí i pé ìṣubú náírà ló mú apá tó pọ̀ nínú èrè ọ̀hún wá.