Ta Ni Olùwà Nínú Omíyalé? Ìjọba Nàìjíríà àti Odò Bẹ́núé

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà, omíyalé, palẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onígírámà, gbólóhùn kan ni a ó bá nínú rẹ̀: omi ya wọ ilé. Omi ni olùwà, ilé ni ó jìyà, kò sì sí ìjọba níbẹ̀ rárá. Abájọ tí ọ̀rọ̀ yìí àti èkejì rẹ̀, àmúwá Ọlọ́run, fi máa ń rọ àwọn aláṣẹ lọ́rùn láti sọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Òwe yìí fi olùwà kejì kún ọ̀rọ̀. Onílé yìí ni a fẹ́ wá nínú ìtàn odò Bẹ́núé.

Láàárín 1977 sí 1982 ni orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù sé odò náà ní Lagdo, ní ìhà àríwá ilẹ̀ wọn, fún iná mànàmáná àti omi oko. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé Nàìjíríà yóò kọ́ dáàmù tirẹ̀ (kí òǹkàwé má ṣì í pè ní dààmú) sí Dasin Hausa ní Adamawa. Yóò tó ìlọ́po méjì àbọ̀ Lagdo, yóò sì máa gba omi tí Kamẹrúùnù bá tú sílẹ̀. Ológun jẹ, alágbádá jẹ, orí ìwé ni Dasin Hausa wà.

Ní ọdún 2012, òjò rọ̀ kọjá àlà, Lagdo kún, wọ́n sì ṣí i. Omi gba oko, ó gba abúlé, láti Adamawa títí dé Lọ́kọ́ja níbi tí Bẹ́núé ti pàdé Odò Ọya, ó sì tún kọjá síwájú. Ènìyàn 363 ni àjọ ìjọba kà pé ó kú. Àwọn tí ó sá kúrò nílé ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ní oṣù kẹwàá, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde 17.6 bílíọ̀nù náírà fún àwọn ìpínlẹ̀ àti àwọn àjọ ìjọba, ó sì gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti gba ọrẹ lọ́wọ́ àwọn olówó. A kò ní bu ẹnu àtẹ́ lu èyí. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà lábẹ́ omi ní láti jẹun. Ṣùgbọ́n owó ìtùnú ni, kì í ṣe owó odò.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, omi padà wá, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 600. Mínísítà ọ̀rọ̀ omi, Suleiman Adamu, ní ìdá 80 nínú 100 omi náà ni ó jẹ́ òjò tí ó rọ̀ sí Nàìjíríà, pé ìpín Lagdo kéré. A gbà. Àmọ́ òjò orí ilẹ̀ ẹni gan-an ni ó yẹ kí onílé lè múra dè jù. Akẹgbẹ́ rẹ̀, Sadiya Umar Farouq, ní ìkìlọ̀ tó, àwọn ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti ará ìlú ni kò kọbi ara sí i. Ẹ kíyè sí ìyípadà olùwà: omi ti kúrò, ará ìlú ti bọ́ sí ipò rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ kò tíì wọ inú gbólóhùn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni a fi kọ ìwé ìkìlọ̀ náà, fún bèbè odò tí wọ́n ti ń sọ Bachama, Jukun, Tiv àti Igala.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari pàṣẹ fún mínísítà ọ̀rọ̀ omi pé kí òun àti àwọn ìpínlẹ̀ mú ètò ìdènà omíyalé wá láàárín 90 ọjọ́. Lagdo ti pé 40 ọdún nígbà náà.